Ohun Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ Lẹ́yìnkùlé Ọkọ Mi

Ìjẹ̀gùn,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò.

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Yábàá ń tọ́jú rẹ? Olúwa tí kò jẹ́ kí ilé wa wó lọ́jọ́ tí òjò gbé ògiri ará iwájú lọ yóò máa dáàbò bò ọ́ láàárín àwọn ìgò oògùn tí o ń pò pọ̀. Èmi wà, mo tilẹ̀ wà ju bí mo ṣe ń wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìyàwó tuntun ni mí, bí o tilẹ̀ mọ̀ tí o kò sì wá síbi ìgbéyàwó. Kò burú. Mo ti di ẹni tí wọ́n ń bi pé kí lo fẹ́ jẹ lálẹ́. Ọkọ mi, Ọ̀gbẹ́ni Wàsíù tó ń ta náílọ́ọ̀nù ní Ìdímù, ní kí n kí ọ. O kò dáhùn ìkíni rẹ̀ tó kọjá, ó sì ní kí n má sọ fún ọ pé òun ṣàkíyèsí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi sínú fóònù. Mo kí ọ, o ò dúró gbọ́. Mo ní kí o sinmi díẹ̀ jàre kí n lè rí ọ̀rọ̀ sọ, ńṣe lo ń bá tìrẹ lọ, mo kà á sí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́rùn rẹ. Nígbà tí ọkọ mi tún un tẹ̀, ohun kan náà lo tún sọ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ni mo bá mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí òpùrọ́ kì í ròyìn lẹ́ẹ̀mejì kó má yàtọ̀.

Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé nǹkan kan wà nínú ara gbogbo igi àti ewé tó ń mú wọn dúró, tí ẹ ń pè ní sẹ́lúlóòsì, òun ló wà nínú háhá àgbàdo, òun náà ló wà nínú òwú tí wọ́n fi hun sùtánà mi. Ẹ ó rẹ háhá náà sínú omi tó le, ẹ ó fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun, ẹ ó wá fi oògùn kan tó kan bí ọtí kíkan yí ara rẹ̀ padà, kó má máa mu omi mọ́, kó sì máa dán bíi náílọ́ọ̀nù. Mo mọ nǹkan yìí. Ìrìbọmi ni. Wọ́n rẹ̀ ẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìwà àtijọ́. Mo jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ń ṣe ìrìbọmi fún háhá àgbàdo ní yunifásítì, gbogbo ìjọ sì dìde dúró.

Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni pé ewé ni ìyá mi ń pọ́n ẹ̀kọ sí, ewé náà kì í sì í pẹ́ jẹrà. Àwọn ọ̀mọ̀wé dé, wọ́n ní ewé kò lajú, wọ́n gbé náílọ́ọ̀nù wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé tún dé, wọ́n ní náílọ́ọ̀nù kò jẹrà, kí a fi owó ńlá wá èyí tí yóò máa ṣe bí ewé. Mo fẹ́ bi ọ́ bóyá a kò kàn lè bẹ ewé kó padà wá, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé wọn kì í fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí nítorí ewé. Mo tún rí fọ́tò ìpàdé yín, níbi tí àwọn èèyàn ńlá ti jókòó tí wọ́n ń jíròrò bí náílọ́ọ̀nù àti ike yóò ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, tí omi inú ike sì wà níwájú oníkálùkù. Mo gbà pé àwọn ike yẹn ni ẹlẹ́jọ́.

Bí o ṣe ní kí n ṣe náà ni mo ṣe. Nígbà tí àpò funfun tí o fi ránṣẹ́ dé, tí o ní kí n rì í mọ́lẹ̀, kí n rì náílọ́ọ̀nù ọjà tì í, kí a wo èyí tí ilẹ̀ yóò jẹ, mo jí ní ìdájí, mo wọ sùtánà, mo bọ́ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí ẹsẹ̀ kì í dé. Mo ka sáàmù lé e lórí, mo wọ́n omi àdúrà sí i kí iṣẹ́ rẹ lè yọrí, mo sì dárúkọ ọkọ mi kí ọjà tirẹ̀ náà lè tà, nítorí kò dáa kéèyàn gbàdúrà fún ọmọ kó gbàgbé ọkọ. N kò mọ̀ pé Ìyá Fawas, àbúrò ọkọ mi, ti gbé búùtà jáde láti ṣe àlùwàlá.

Ó rí gbogbo rẹ̀. Fún oṣù mélòó kan ló fi ń ṣọ́ èmi àti ọkọ mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ló pe ẹbí jọ. Ó ní ọkùnrin tí kò mọ ibi tí kànrìnkàn wà láti ọjọ́ tí ìyá àwọn ti bí i, òun ló wá ń fi ẹ̀rín ha ìdí ìkòkò, pé bí wọn kò bá hú ohun tí ìyàwó Aládùúrà yìí rì mọ́lẹ̀, láìpẹ́ yóò máa pọn omi fún un. Mo ní ó ti ń pọn ọ́n.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ọkọ mi jáde, ó ń dán, èèyàn lè fi di ata lọ́jọ́ náà. Àpò tìrẹ kò sí. Wọ́n gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n gbẹ́ òsì, erùpẹ̀ àti ekòló ni wọ́n bá. Títílọpẹ́, inú mi dùn débi pé mo kọ Halelúyà, mo jó yí kòtò náà ká, nítorí iṣẹ́ rẹ ti yọrí. Ó jọ pé kò yẹ kí n jó. Bàbá Nàfíù, olórí ẹbí, ní èyí tó ṣẹ́kù, ẹ̀rí lásán ni, èyí tí a kò rí ló ń ṣiṣẹ́. Mo ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, pé kó pòórá ni wọ́n ń fẹ́. Ìyá Fawas ní kí gbogbo wọn gbọ́ o, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Ọkọ mi wá dìde. Ó ní bó bá jẹ́ oògùn ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ bo kòtò náà padà kó má baà bàjẹ́, nítorí láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ òun ti kú, òun kò retí kí ilẹ̀ mọ́ mọ́, àfi ọdún yìí. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá Nàfíù ní ìwọ̀nyẹn kọ́ ni àwọn bèèrè, pé kí ẹni tó ṣe nǹkan náà wá ṣàlàyé rẹ̀ lójú ẹbí ní Sátidé tó ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kó ẹrù mi jáde.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyí, nítorí inú fóònù o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wá. Mú àpò mìíràn dání, kí o mú háhá tí ẹ kò tíì rẹ pẹ̀lú, kí wọ́n fojú rí i. Mo mọ̀ pé o sọ fún àwọn èèyàn pé o kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọkùnrin tí ọjà rẹ̀ ń dí gọ́tà gbogbo Alimoṣọ. Ó gbọ́. Ó ní bí owó tìrẹ kò bá ti pọ̀ jù, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé e dé Ìdímù. Ọmọ mi, háhá tí wọ́n ti bó dànù lo mú, tí o sọ ọ́ di ohun tó ń dán. Opó tí wọ́n ti pa tì ni èmi náà. Kí ló wá yà ọ́ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ mi?

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè ra ohun tí ẹbí yóò fi panu lọ́jọ́ náà. Òwúrọ̀ ni kí o jẹ́ kó gbéra. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ nígbà yẹn, oní-POS ní ó há sọ́nà, mo sì rò pé Ìkòtún ló sùn.

Ohun rere tí o bá fi sínú ilẹ̀ yóò hù fún ọ. Èyí tó bá ń dùn ọ́ nínú, ilẹ̀ yóò bá ọ jẹ ẹ́ kí òjò ọdún yìí tó dá. Má jẹ́ kí ìbínú tí o ń bá mi bí dà bíi náílọ́ọ̀nù ọkọ mi, tí a hú jáde tó ṣì ń dán. Irú tìrẹ ni kó jẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó tuntun, ó kéré tán títí di Sátidé.