Òfin Omi Ìdọ̀tí Tó Dé Ọgbà Ọkọ̀

Tohura ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Dhaka níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ilé aláró ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Àwa náà wà, ewúrẹ́ wa ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, òun ni mo ṣe kọ̀wé.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, níbi tí bàbá rẹ ti ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára irin. Ìwé náà ní ìjọba ń gbèrò òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da omi ìdọ̀tí sódò Meghna wa mọ́, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ omi náà mọ́. Tohura, báwo ni wọ́n ṣe ń fọ omi? Ọṣẹ wo ni wọ́n ń lò? Mo bi imáàmù wa, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn, ìyẹn tún wá dá kún ẹ̀rù mi.

Láti ìgbà náà n ò jẹ́ kí bàbá rẹ wẹ̀ lódò mọ́, nítorí ọ̀dà pupa ló máa ń ṣàn lára rẹ̀ tó bá ti ibiṣẹ́ dé. Inú ọpọ́n ló ń wẹ̀ sí, mo sì ń rọ omi rẹ̀ sínú ìkòkò, ìkòkò ti kún yàrá débi pé a ò ríbi na ẹsẹ̀. Ó ní orí mi ti dàrú. Mo ní ó sàn ju kí ọlọ́pàá wá gbé e lọ.

Mosaddek tó jẹ́ ọ̀gá wọn ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé tí àwọn ará ìjọba bá wá béèrè, ká sọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe odò, torí pé tófin bá jáde, wọ́n á ti ọgbà pa. Nígbà tí wọ́n dé lóòótọ́, mo ru ìkòkò kan lọ bá wọn nínú ọgbà láti fi jọ̀wọ́ ara mi. Obìnrin kan láàárín wọn ṣí i, òórùn rẹ̀ lé e sẹ́yìn. Ó bi mí pé omi ta ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Omi ara ọkọ mi ni, mà. Ẹ má mú un, èmi ni mo ní kó wẹ̀ sínú ọpọ́n."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá rẹ na ọwọ́, ó rí bí awọ rẹ̀ ṣe ń bó. Ó ní òfin ọ̀hún ò kan ìwẹ̀ wa, ọgbà ọkọ̀ ló kàn, kò sì tíì jáde. Ó bu díẹ̀ nínú omi náà sínú ìgò, ó ní òun á lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e lọ. Mosaddek náà ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì Mosaddek ní kí bàbá rẹ lọ sinmi nílé títí wọn á fi pè é. Wọn ò tíì pè é. Kò bá mi jà, àfi kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. N ò mọ̀ bóyá mo gbà á là ni àbí mo ba tiẹ̀ jẹ́.

Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ìrẹsì, kí o sì rọra bá mi wádìí ìgbà tófin náà máa jáde. Aṣọ tí ẹ̀yin ń pa láró, ibo lẹ ń da omi rẹ̀ sí? Má dá mi lóhùn lórí fóònù o, wọ́n ní ìjọba ń gbọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ omi tí ò ń mu.

Èmi ni ìyá rẹ, Jobeda.