Àkọ̀ Tí Ẹ Gbin Pèrègún Fún

Bàbá mi àtàtà,

Ọyẹ́ ti dé sí Ìsọlọ̀. Ètè mi ń bó, mo sì ń fi òrí pa á bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Àkọ̀ yín náà ti dé. Ìròyìn ayọ̀ ni ì bá jẹ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń dúró sẹ́yìnkùlé ilé tí a háyà, tí ẹ ń wo ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn nínú àbàtà? Ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró títí, kó tó ṣàdédé fi ẹnu gbé ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ kì í jẹ́ kí á sọ̀kò sí i. Lójú yín, àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí yóò sì lọ nígbà òjò àkọ́rọ̀, kò yẹ kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Ẹ ò jiyàn rí.

Nígbà tí owó epo sọ gbogbo ayé di ẹni tó ń wá ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́, ẹ gbin pèrègún yí igun tí àkọ̀ máa ń bà sí ká, kí ẹnikẹ́ni má baà débẹ̀. Bàbá, pèrègún yẹn ló kó bá wa. Lẹ́yìn ikú yín, àwọn onílẹ̀ mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá. Ó rí pèrègún, ó gbà pé ilẹ̀ tí wọ́n ti pààlà sílẹ̀ fún títà ni. Kí ni à bá tún ní kó rò?

Èmi ni mò ń wa típà tó ń kó yanrìn dí àbàtà náà. Ìyàwó mi ti lóyún, n kò sì níṣẹ́ mìíràn. Ǹ bá ti ṣàlàyé fún ọ̀gá wa pé nítorí ẹyẹ ni bàbá mi ṣe gbìn ín. Ojú ló tì mí.

Láàárọ̀ àná, àkọ̀ balẹ̀ sórí yanrìn. Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́bàá pèrègún bí ẹni tó ń wá onílé. Ṣé ẹ̀yin ló ń wá ni? Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì sunkún. Nígbà tó yá, ọ̀gá juwọ́ sí mi. Mo wa típà náà sẹ́yìn, mo da yanrìn náà sílẹ̀. Ẹyẹ fò lọ.

Mo fẹ́ fa pèrègún kan tu, kí n gbìn ín síbi sàréè yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹnìkan á tún rí i, á sì gbà pé ilẹ̀ títà ni.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò lè wojú yín mọ́.