Súìtì Lẹ́nu Rédíò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Wọ́n gbà mí! Yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, fóònù mẹ́ta, àga kan tó ń ké bí ọmọ tuntun. Ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn bá wúwo máa ń pè, kí wọ́n lè rí ẹni gbọ́ wọn. Wọ́n á kọ́ wa ná kí wọ́n tó jẹ́ ká fọwọ́ kan fóònù.

Èmi rèé o, tí wọ́n ti ń pè ní Rédíò nílé láti kékeré nítorí ẹnu mi kì í sinmi. Màmá gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ oníbàárà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ìgbà wo ni ẹni tó bá pè mí fẹ́ ráyè sọ tiẹ̀.

Ìwé mi, ìwọ nìkan ni mo lè sọ òótọ́ ibẹ̀ fún. Torí àbúrò mi ni mo ṣe lọ. Òkété — orúkọ tí mo sọ ọ́ látìgbà tó ti wọ ihò. Ó ti ń lọ sí oṣù kẹta tó ti fi iléèwé sílẹ̀ láàárín ìdánwò, tó wọ yàrá, tó ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù nílé yìí! Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo wàásù, mo kọrin. “Ó rẹ̀ mí ni.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ẹni tó ń kọ́ wa, mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Sùúrù. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í kánjú, kódà tó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ rò ó. Ó lẹ bébà ńlá mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ tá ò gbọ́dọ̀ sọ fẹ́ni tó bá pè ló kọ sí i: Yóò dáa. Má ronú mọ́. Ṣe bí ọkùnrin. Tìẹ tiẹ̀ sàn. Mo wo ògiri náà, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ láyé ló wà níbẹ̀.

Ó ní òwe pàápàá, rárá. Télọ̀ — ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tá a jọ bẹ̀rẹ̀ — jà fún un. “Ẹ̀yin ọ̀gá, òwe mà lẹṣin ọ̀rọ̀!”

Ọ̀gá Sùúrù ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ níbí, ẹsẹ̀ la fi ń rìn.”

Wọ́n ní kí Télọ̀ ṣe bí ọmọ tí kì í rí oorun sùn, kó pè mí. Kó tó sọ̀rọ̀ délẹ̀, mo ti pa òwe mẹ́rin fún un, mo ti sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n Màmá, mo sì ti júwe oògùn ikọ́. Télọ̀ ní òun ò níkọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀gá Sùúrù ti rí oògùn mi. Súìtì! Odidi ọ̀rá kan. Ó ní tẹ́nì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí n sọ ọ̀kan sẹ́nu. Mi ò gbọ́dọ̀ rún un. Títí á fi yọ́ tán, “hẹn-ẹn” àti “mò ń gbọ́” nìkan ni mo láǹfààní láti sọ.

Mo rún èyí àkọ́kọ́ kí Télọ̀ tó sọ orúkọ ẹ̀ tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Gbogbo súìtì òní ni mo rún. Eyín ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Kò dún! Súìtì ò dún lẹ́nu mi lónìí!

Télọ̀ tún ń ṣe ọmọ tí ò rí oorun sùn. Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù gbì-gbì nísàlẹ̀. Ó dákẹ́ títí ara ń yún mi. Ó wá sọ nǹkan kan tí kì í ṣe eré mọ́, ti ara ẹ̀ ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, kì í ṣe tèmi. Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó ní ṣé súìtì ṣì kù.

Mo wá ki ara mi láyà, mo sọ ti Òkété fún Ọ̀gá Sùúrù. Ó mí kanlẹ̀. “Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.”

Èmi àti Télọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: “Òwe!” Ọ̀gá bo ẹnu. Ó san súìtì méjì-méjì fún wa gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, ó wá sọ ọ́ láìpa òwe: ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún un, mi ò lè jẹ́ olùtọ́jú ẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, kí n gbọ́. Tó bá gbà, kí n mú un wá bá òun.

Mo ní kì í sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ṣé o ti dákẹ́ fún un rí?”

Mi ò rí nǹkan sọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí súìtì lẹ́nu mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò nílé. Màmá ń lọ aṣọ, ó ń sọ ti ṣòkòtò oníbàárà tó jó mọ́ ọn lọ́wọ́ — ìtàn tí mi ò bá ti fi ata àti iyọ̀ sí. “Hẹn-ẹn. Mò ń gbọ́, mà.” Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi. Ó ní ta ni ọmọkùnrin náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Màmá ti pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí fóònù pé Rédíò wa ò fọhùn mọ́. Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà yẹn láti inú fóònù: “Yọ bátìrì ẹ̀, kó o sá a sóòrùn!” Súìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

Ìlẹ̀kùn Òkété ṣí díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ojú kan yọ síta. Ó wò mí. Ìlẹ̀kùn tún padé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Òkété bi Màmá pé kí ló ń ṣe mí. Ó bèèrè!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sán ni. Màmá ti lọ kó aṣọ fún oníbàárà. Èmi ń ká ṣẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ súìtì sẹ́nu. Òkété jáde. Ó jókòó sórí ìdì aṣọ ìdọ̀tí. Ó ti rù.

“Àǹtí Rédíò, ta ló ṣe yín?”

Mo mi orí.

Ó ní ilé ti dákẹ́ jù. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà òun, inú máa ń bí òun o, àmọ́ òun máa ń mọ̀ pé nǹkan ṣì ń lọ bó ṣe yẹ. “Tó bá jẹ́ irú nǹkan tó ń ṣe mí ló ń ṣe yín, ẹ sọ fún mi. Mo mọ bó ṣe máa ń rí.”

Súìtì ṣì tóbi lẹ́nu mi. “Mò ń gbọ́,” ni mo sọ.

Ló bá tú u sílẹ̀. Ó ní nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àyà òun ṣàdédé ń lù kìkì, èémí kúrú, ọwọ́ ń gbọ̀n débi pé bírò jábọ́. Òun rò pé òun ń kú lọ. Ó dìde, ó jáde. Nígbà tí ìdánwò kejì dé, ẹsẹ̀ òun ò gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó ní òun rò pé orí òun ti ń dà rú, àwọn èèyàn á máa sọ pé ọmọ alágbàfọ̀ ti ya wèrè, Màmá ò ní lè gbójú sókè ládùúgbò.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn tò sórí ahọ́n mi. Yóò dáa wà níwájú. Mo ti gbogbo ẹ̀ padà. Ó sunkún. Èmi náà sunkún, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà nu ojú — màá tún un lọ̀.

Nígbà tí súìtì yọ́ tán, mo bi í bóyá ká jọ lọ rí ẹnì kan. Ó ní, “Ẹ máa bá mi dé ẹnu ọ̀nà?”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Òkété wọlé bá Ọ̀gá Sùúrù, ó ti ìlẹ̀kùn. Mo jókòó síta lórí àga tó ń ké. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀, torí mo fi etí lélẹ̀ o, mi ò ní purọ́.

Ó pẹ́ kó tó jáde. Súìtì wú u ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní wọ́n ní nǹkan tó ń ṣe òun lórúkọ, ó sì nítọ̀ọ́jú, kí òun padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò bi í ní nǹkan kan. “Hẹn-ẹn” ni mo sọ.

A rìn dé ìdajì ọ̀nà láìsọ̀rọ̀. Ló bá dúró.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.”

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ṣòkòtò tó jóná. Mo fi ata sí i, mo fi iyọ̀ sí i. A délé, mi ò tíì dé ibi tó ti jó. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ní kí n parí ẹ̀.