Máṣíìnì Pupa Tí N Kò Jẹ́ Kí Dáre Rà

Iléṣà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Èmi àti Dáre, ọmọ ọmọ mi, lọ sí Òṣogbo lónìí láti ra máṣíìnì tí yóò máa gùn lọ síbi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ní Ọ̀tan-Ilé. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ táyà, mo fa ṣéènì, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn sókè, kí ọlọ́jà lè mọ̀ pé mo ń lọ sílé ẹ̀kọ́ àgbà.

Gbogbo wọn ló ní àléébù, àfi pupa kan. Dáre gùn ún díẹ̀ ní títì Alekúwodò tó wà nítòsí, ó tẹ bíréèkì, ó dúró wámú. Mo ní bíréèkì rẹ̀ kò dáa.

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. "Màmá, máṣíìnì lẹ wá rà ni, àbí ìyàwó lẹ wá fẹ́ fún un?"

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Nígbà tí máṣíìnì pa Ayọ̀, bàbá Dáre, wọn kò jẹ́ kí n dé ibojì, torí ìyá kì í rí ibojì ọmọ. Máṣíìnì náà ni mo rí, pẹ̀lú wáyà bíréèkì tó já. Òun ni ibojì tí mo mọ̀. Ká ní Ayọ̀ ti...

Dáre wo ojú mi, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa relé."

Kò ráhùn títí a fi délé. Lọ́jọ́ Ajé, yóò tún lọ dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì kílẹ̀ tó mọ́.

Ká ní ó bá mi jà ni, ǹ bá rí nǹkan wí.