Ẹ̀rín Tí Ìwé Ìròyìn Kò Kọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n, afíngbá ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,

Èmi Olóyè, olùdíje sípò alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí mọ́tò ń tò lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ, tí aago ọwọ́ rẹ̀ ń kọ mànà, ni mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí sí yín lọ́run. Hẹ̀-ẹ̀m! Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín, mo tún yín kí!

Ó tó. Ẹ̀rín ti ń pa mí. Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Olóyè yìí sọ lọ́jà Akẹ̀sán? Ìjọba sójà ní ká dìbò, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú, síbẹ̀ gbogbo ìlú ti pín sí méjì. Olóyè ní ẹni tó bá fọwọ́ kan àpótí ìbò òun, kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ìwé ìròyìn kọ ọ̀rọ̀ náà, kò kọ ẹ̀rín. Nígbà tó fi máa dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà ti gbé ìbọn dání.

Inú ìsọ̀ yín gan-an ni àríyànjiyàn náà wọ̀ sí. Bàbá Ràfíù, àbúrò yín, ní àwàdà ni, pé àwọn oníwèé ìròyìn ló fẹ́ ba Olóyè jẹ́. Bàbá Àdìó, ọ̀rẹ́ yín, ní wọn kì í fi ikú ṣàwàdà. Ẹ kúkú mọ̀ pé mo mọ ènìyàn sín jẹ. Bàbá Ràfíù ra gúgúrú fún mi kí n ṣe Olóyè tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá Àdìó ra bisikíìtì kí n yọ ẹ̀rín kúrò. Mo jẹ méjèèjì. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, Bàbá: ẹnu Olóyè rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ dé ni o, wọ́n ń fíngbá lọ́wọ́.

"Àdìó, orí ẹ le bí igbá tí ọ̀bẹ ò ràn!"

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ ẹ̀yìn Olóyè tí Olóyè ò mọ̀ rí! Sún mọ́bí, kí n fi àwàdà yín hàn ọ́!"

Wọ́n dìde sí ara wọn tọ̀bẹtọ̀bẹ. Bàbá Ràfíù jágbe mọ́ mi: "Ṣe Olóyè, kó gbọ́!"

Mo lanu pé kí n ṣe Olóyè. Ohùn yín ló jáde, Bàbá, tòun ti ikọ́ kékeré tó máa ń ṣáájú rẹ̀: "Ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná, ká tó sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe. Bí ènìyàn bá bú yín, ẹ ó gbé ọ̀bẹ ti ẹ̀gbẹ́ igbá, ẹ ó nuwọ́ mọ́ ṣòkòtò, kẹ́ ẹ tó fèsì. Mo gbìyànjú ohùn yín títí nígbà tẹ́ ẹ wà láyé, kò bọ́ sí i rí.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Àdìó. Bàbá Ràfíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èérún igbá, níwájú èmi ọmọdébìnrin: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀rín náà dòní. Àmọ́ wọn á kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Bàbá, ṣé èmi ni mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àbí ẹ̀yin? Mo ti dúró nídìí àmù, mo wúkọ́ sínú rẹ̀ bíi tiyín. Ohùn yín kò wá. Olóyè nìkan ló ń dá mi lóhùn.

Kì í ṣe Olóyè ló kọ ìwé yìí o. Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó sá kúrò nílé ìwé ní Fọ́ọ̀mù Tuù, tó ní ohùn gbogbo ayé lẹ́nu, tó sì ń wá tiyín.