Mo Wá "Ọmọ Télọ̀" Títí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ń kí ẹ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́. Àbúrò rẹ náà ń kí ẹ, ó ti ríṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún mi ń falẹ̀, ni mo bá pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó lè dà bí ìgbà tí a rà á. Àfi bí kò ṣe rí Wáì-fáì kankan mọ́! Atúnkọ̀ǹpútàṣe ní, "Bàbá, ẹ ti pa ohun tó fi ń wá Wáì-fáì rẹ́ mọ́ ọn." Ó dá a padà, orúkọ sì tò wálẹ̀ lójú mi: ti oníbúrẹ́dì, ti onílé wa. Mo wá "Ọmọ Télọ̀" tí o máa ń tàn fún mi títí, n kò rí i. Mo jágbe mọ́ ọn pé kò tíì tún un ṣe tán. Ó rọra ní fóònù rẹ ló ń gbé ìyẹn jáde, pé ó ti bá ẹ lọ.

Olúwa á máa ṣọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí o bá dé, má kanlẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà ni kí o ti tan "Ọmọ Télọ̀" lórí fóònù rẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

Bàbá rẹ, Télọ̀