Kàsímù Ní Kí N Má Tú Ẹ́ńjìnnì

Ọjọ́bọ̀, 3 Máàṣì 1983
Ìyá Àgbà, lọ́rì mi, kú sí Ṣàngótẹ̀dó lónìí pẹ̀lú ẹrù àgbọn láti Lakowe. Ooru, èéfín funfun, ọ́ìlì rẹ̀ dà bí ògì. Wọ́n fà wá dé Ajah. Òun nìkan ló ń bọ́ wa o.

Jímọ̀, 4 Máàṣì
Kí n tó kírun dé, Kàsímù mẹkáníìkì ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó sì ti dè é padà. Kí ló ń kán an lójú? Ó ní, "Mọ́rúfù, má tú u fúnra ẹ o. Fi sílẹ̀ fún mi." Kò wo ojú mi. Èmi tí mo ti tú ẹ́ńjìnnì méjì rí! Ó ń fi nǹkan pamọ́.

Àbámẹ́ta, 5 Máàṣì
Mùínàt ìyàwó mi fara ya. Bàbá mi tún bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ní ó tẹ́. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ta ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kàn báyìí?

Ajé, 7 Máàṣì
Mo rí wọn! Kàsímù àti Bàbá mi, lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n ṣe rí mi – kẹ́kẹ́ pa. Mo bi Bàbá. Wọ́n ní, "Ó kàn ń bi mí ibi tí mo ti ń pọn omi lọ́rì ni."
Ẹ gbà mí! Lóòótọ́, Bàbá ló ń pọn kẹ́ẹ̀gì omi Ìyá Àgbà láràárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ ẹja pípa, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọ̀rọ̀ omi jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ràṣídì, ọmọ bàbá mi, ló ti ń fẹ́ gba lọ́rì yìí tipẹ́. Mo mọ̀. Kàsímù á ní lọ́rì ti kú, Bàbá á ní kí n gbé e sílẹ̀ fún un. Bàbá tèmi!

Ìṣẹ́gun, 8 Máàṣì
Ṣé kí n tú u, àbí kí n má tú u? Tí mo bá tún bà á jẹ́, ó parí nìyẹn. Mùínàt ní kí n fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Òun náà?

Ọjọ́rú, 9 Máàṣì
Màá tú u.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì
Mo tú u, láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jóná. Gbogbo ihò tí omi ń gbà kọjá – nǹkan funfun ti dí i pa. Mo ha á, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀! Kàsímù da iyọ̀ sí ẹ́ńjìnnì mi! Ọlọ́run ló mú un.

Jímọ̀, 11 Máàṣì
Níwájú mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun, mo di aṣọ Kàsímù mú lọ́rùn. Mo pè é ní olè, mo pè é ní ìkà. Àwọn èèyàn ló là wá. Kò bú mi padà. Ó wò kọjá èjìká mi, ibi tí Bàbá dúró sí, ó wá sọ ọ́ sí mi létí: "Lọ tọ́ omi inú kẹ́ẹ̀gì ẹ wò. Má pariwo."

Àbámẹ́ta, 12 Máàṣì
Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì dé. Láti ọ̀sẹ̀ kan tí lọ́rì ti wà nílẹ̀, wọn ò dá a dúró. Mo tọ́ omi náà wò. Iyọ̀.
Mo ní, "Bàbá, omi kànga ni?"
Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní okùn kànga ti wúwo jù fún wọn, láti bí oṣù mẹ́ta. Ọ̀sà ni wọ́n ti ń bù ú, wọ́n ní kí n má bínú, kí n má sọ fún Mùínàt. Wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n gbé e mì. "Wò ó, omi dáadáa ni. Mo máa ń tọ́ ọ wò kí n tó gbé e wá."
Ẹ̀ẹ̀rùn ni, òkun ti wọ ọ̀sà. Ọbẹ̀ Mùínàt sọ sí mi lọ́kàn. Ahọ́n Bàbá ò mọ iyọ̀ mọ́.
Wọ́n ní, "Ṣé o ti wá mọ ẹni tó ba lọ́rì jẹ́?"
Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."
Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lọ bẹ Kàsímù. Ọmọ dáadáa ni."
Mo ń lọ.